Sati, Mindfulness, Pleine Conscience: Ìrìn Ọ̀rọ̀ Kan àti Ohun tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ń Ṣe sí Ojú àti Etí Ẹni

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn Faransé ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu lónìí kò ní pẹ́ pàdé gbólóhùn náà pleine conscience. Wọ́n ń lò ó fún irú ìjókòó jẹ́ẹ́ kan tí ènìyàn fi ń fi ọkàn bá èémí ara rẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń sọ pé ó ń yí ọkàn padà, pé ó ń mú kí ojú ríran kedere, kí etí sì gbọ́ ohun tí kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí a bá ní kí a gbé gbólóhùn yìí wá sí Yorùbá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀, "ẹ̀rí-ọkàn kíkún" ni yóò bọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jalè, tí ó wá fẹ́ jẹ́wọ́, ni à ń sọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti atúmọ̀ nìkan. Conscience ní èdè Faransé ru ẹrù méjì pọ̀: ẹ̀rí-ọkàn tí ń dá ni lẹ́jọ́, àti mímọ̀ tí ènìyàn mọ̀ pé òun wà lójúfò. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, Yorùbá náà sì yà wọ́n.

Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà padà síbi tí ó ti ṣẹ̀ wá, kí a wo ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí a sì wò ó bóyá ohun tí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ nípa ojú àti etí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n. Gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà rẹ̀ tí ó gbilẹ̀ jù jẹ́ ìlànà èdè: sísọ orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìdákẹ́.

Páálì ni èdè tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Sílónì, Bọ́mà àti Táílándì fi pa ìwé mímọ́ wọn mọ́. Sati ni ọ̀rọ̀ náà nínú rẹ̀. Smṛti ni ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Sanskrit. Ìtumọ̀ gbòǹgbò àwọn méjèèjì kò fara sin: ìrántí ni. Smṛti yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń pe àwọn ìwé tí wọ́n kà sí èyí tí a rántí, ní ìyàtọ̀ sí śruti, èyí tí a gbọ́. Nínú àwọn ìwé Páálì fúnra wọn, ibì kan wà tí a ti ṣàlàyé agbára sati, tí a sì sọ pé ẹni tí ó ní in ni ẹni tí ó lè rántí ohun tí a ti ṣe àti ohun tí a ti sọ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nínú Satipaṭṭhāna Sutta, tí iṣẹ́ tí à ń sọ yìí dúró lé, ohun tí a ní kí mọ́ǹkì máa fi sati wò kì í ṣe ohun àná. Èémí tí ó ń mí lọ́wọ́ ni, ẹsẹ̀ tí ó ń gbé lọ́wọ́, ìrora tàbí ìgbádùn tí ó wà lára rẹ̀ ní àkókò náà gan-an.

Báwo ni ìrántí ṣe wá di ti ìsinsìnyí? Àwọn onímọ̀ Páálì ti bá ara wọn jiyàn púpọ̀ lórí èyí. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú èémí rẹ̀ ti mọ ìdáhùn náà. Ọkàn kì í dúró. Kí èémí márùn-ún tó jáde, ó ti lọ sọ́jà, ó ti lọ bá ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ohun tí ó mú un padà ni pé ó rántí: ó rántí pé iṣẹ́ kan wà tí òun ń ṣe. Láìsí ìrántí yìí, kò sí àfiyèsí tí ó lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Nítorí náà ìtumọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra wọn rárá.

Àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n túmọ̀ àwọn ìwé náà rí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Niàn ni wọ́n lò, èyí tí ó jẹ́ rírántí, ríronú sí nǹkan, àti kíka nǹkan jáde. Òun ni ó di niệm ní Vietnam. (Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé nítorí pé "ìsinsìnyí" wà lókè àmì tí a fi ń kọ ọ́, tí "ọkàn" sì wà nísàlẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọkàn tí ó wà nínú ìsinsìnyí. Àlàyé náà dùn, ṣùgbọ́n ohùn ni apá òkè àmì náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìtumọ̀.)

Ní ti àwọn ará Yúróòpù, Robert Childers tẹ ìwé atúmọ̀-èdè Páálì rẹ̀ jáde ní 1875. Ó fi ìrántí ṣáájú lábẹ́ sati, ó sì to àfiyèsí àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1881 ni T. W. Rhys Davids, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Sílónì tẹ́lẹ̀ rí, lo mindfulness nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ọmọ pásítọ̀ ni Rhys Davids, kò sì yẹ kí a gbàgbé èyí. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá dàgbà, mindful wà nínú Sáàmù 8, níbi tí onísáàmù ti béèrè ohun tí ènìyàn jẹ́ tí Ọlọ́run fi ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ìrántí gan-an ni Bíbélì Yorùbá lò níbẹ̀. Nígbà tí ó yan ọ̀rọ̀ náà, ìrántí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ó jò dànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò nínú ìwé tí ó bọ́ sí ara àwọn gbáàtúù ni Bọ́mà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà àti Gánà lọ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1885 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ Thibaw, ọba ibẹ̀, lórí oyè. Ọba ni olùdáàbòbò ẹ̀sìn ní ilẹ̀ náà. Bí kò bá sí ọba, ta ni yóò gbé ẹ̀sìn ró? Mọ́ǹkì kan tí wọ́n ń pè ní Ledi Sayadaw (1846–1923) dáhùn pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn tí kì í ṣe mọ́ǹkì ní ìmọ̀ jíjinlẹ̀ nípa ọkàn, àti bí wọn yóò ṣe máa jókòó. Iṣẹ́ tí a ń tà káàkiri àgbáyé lónìí gẹ́gẹ́ bí ohun àtayébáyé, ìdáhùn sí ìjọba àmúnisìn ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀ka méjì ló ti ibẹ̀ yọ. Ti U Ba Khin, tí ó di Akọ̀wé-ìṣirò Àgbà fún ìjọba Bọ́mà ní 1948, àti ti ọmọlẹ́yìn rẹ̀ S. N. Goenka, tí ó gbé e lọ sí Íńdíà ní 1969, dá lórí ìmọ̀lára tí ń rìn kiri ara. Ti Mahasi Sayadaw (1904–1982) ni ó kàn wá jù. Ní 1949 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Rangoon, lábẹ́ àtìlẹ́yìn U Nu tí í ṣe olórí ìjọba. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé, ó sì nira láti ṣe. Jókòó, kí o fọkàn sí ikùn rẹ. Bí ó bá ga, sọ nínú ara rẹ pé ó ga; bí ó bá sọ̀, sọ pé ó sọ̀. Bí ohùn kan bá dé, sọ ọ́. Bí èrò bá dé, sọ ọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn ọ́, sọ ọ́, kí o tó padà sí ikùn. Ohun gbogbo tí ó bá dé ni yóò gba orúkọ kí ó tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí gírámà ọ̀rọ̀ inú yìí. Nínú èdè Bọ́mà, phaung de ni ti gíga ikùn, pein de ni ti sísọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni phaung àti pein. De jẹ́ wúnrẹ̀n ìparí gbólóhùn tí ń fi hàn pé nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ tàbí ó ti ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn tó pé ni, síbẹ̀ kò sí olùwà nínú rẹ̀, nítorí èdè Bọ́mà gbà kí a yọ olùwà kúrò. Bí a bá rántí pé ẹ̀kọ́ anattā, pé kò sí "èmi" kan tí ó dúró gbọin-in lẹ́yìn ohun tí à ń rí àti ohun tí à ń gbọ́, ni iṣẹ́ náà fẹ́ fi han ni, a ó rí i pé gírámà èdè náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ọ̀hún fún àwọn ọmọ Bọ́mà kí wọ́n tó jókòó.

Nígbà tí ìlànà náà dé Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ lo rising, falling, hearing: ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti sọ di bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Faransé lè lo ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní olùwà, entendre. Yorùbá ńkọ́? "*Ń gbọ́" kò lè dá dúró. "Mo ń gbọ́" dá "èmi" padà sórí ìtẹ́. "Ó ń gbọ́" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. "Gbọ́" nìkan jẹ́ àṣẹ. Ohun tí ó kù ni kí a ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ: gbígbọ́, ríronú, wíwú, sísọ̀. Ó bọ́ sí i gan-an, nítorí gbígbọ́ kò béèrè ta ni ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù: de ti èdè Bọ́mà jẹ́rìí pé nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀, gbígbọ́ kò jẹ́rìí sí nǹkan kan. A lè sọ pé gbígbọ́ dára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ohunkóhun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín.

Ìṣòro mìíràn wà lára gbọ́ fúnra rẹ̀. À ń gbọ́ ìró, à ń gbọ́ òórùn, à sì ń gbọ́ Faransé tàbí Fọ̀n. Lára ohun tí àwọn tí ó pẹ́ nínú iṣẹ́ Mahasi máa ń ròyìn ni pé àwọn ìgbà kan wà tí ohùn ènìyàn ń dé etí wọn bí ìró lásán, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń dé lẹ́yìn, bí ẹni pé ohun méjì ni. Ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ ròyìn èyí yóò ní láti sọ pé, "Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ọ." Àwọn ìròyìn mìíràn ni pé ìrora tí ó dà bí òkúta kan ṣoṣo a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, sí jíjó, títa àti yíyún tí ń wá tí ń lọ, àti pé ohun tí à ń rí kò dúró mọ́, àfi kí ó máa yọ kí ó máa pòórá. Kì í ṣe ohun tuntun. Buddhaghosa, tí ó kọ Visuddhimagga ní Sílónì ní sẹ́ńtúrì karùn-ún, ti to àwọn ipò wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ: mímọ yíyọ àti pípòórá, lẹ́yìn rẹ̀ mímọ títúká, lẹ́yìn rẹ̀ ìbẹ̀rù. Ẹ kíyè sí ti ìkẹyìn yẹn. Ìwé náà kò fi pa mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé etí àti ojú wọn yí padà, àbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ni ó yí padà? Ọ̀rọ̀ tí a bá ti kọ́ ènìyàn ṣáájú lè darí ohun tí yóò ròyìn. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a wo àwọn ìdánwò tí kò gbára lé ìròyìn.

Kasamatsu àti Hirai ṣe èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ ní Jàpáánì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1966. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ka iná mọ̀nàmọ́ná inú ọpọlọ sí orí àwọn mọ́ǹkì Zen, wọ́n sì ń dún kọ̀ọ́ sí wọn létí léraléra. Ọpọlọ àwọn ènìyàn lásán kọ́kọ́ ta kìjí sí ìró náà, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó mọ́ ọn lára. Ti àwọn àgbà mọ́ǹkì ń ta kìjí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé àkọ́kọ́ ni. Àwọn ènìyàn fi èyí ṣe ìwàásù fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1981, Becker àti Shapiro tún irú ìdánwò náà ṣe ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí ń jókòó àti àwọn tí kì í jókòó. A mẹ́nu kàn án nítorí pé títí di òní, ìwé púpọ̀ ń sọ ìdajì àkọ́kọ́ láìsọ èkejì.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e lágbára jù. Ní Barre, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé ìjókòó kan wà tí wọ́n ti ń lo ìlànà Mahasi. Níbẹ̀ ni Brown, Forte àti Dysart ti dán àwọn ènìyàn wò ṣáájú àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà fún wákàtí mẹ́rìndínlógún lóòjọ́. 1984 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Iná tí ń bù yẹ̀rì ni wọ́n fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n rí iná tí ó kúrú ju èyí tí wọ́n lè rí tẹ́lẹ̀, bí iná méjì bá sì tẹ̀ lé ara wọn, àlàfo tí ó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n nílò kí wọ́n tó mọ̀ pé méjì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà, tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kò yí padà.

Ní 2007, Slagter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ṣe irú oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀, wọ́n fi wọ́n wé àwọn mẹ́tàlélógún mìíràn. Lẹ́tà ń sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà méjì fara pa mọ́ sáàárín wọn. Kí ẹni náà sọ nọ́ńbà méjèèjì. Bí èkejì bá tẹ̀ lé èkíní láàárín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn là sílẹ̀. Ọpọlọ ṣì ń di èkíní mú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tí ó jókòó pàdánù èkejì díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ sì fi hàn pé agbára tí ọpọlọ wọn ń ná lórí èkíní ti dínkù. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ohun tí ìlànà Mahasi kọ́ wọn gan-an nìyí: pè é lórúkọ, jẹ́ kí ó lọ. Wọn kò sì jókòó lákòókò ìdánwò. Ohun tí wọ́n rí gbà bá wọn jáde. Ní 2010, MacLean àti àwọn mìíràn lo ìlànà tí ó yàtọ̀ ní Colorado, pẹ̀lú ọgbọ̀n ènìyàn tí ó ń jókòó bíi wákàtí márùn-ún lóòjọ́ àti ọgbọ̀n tí ń dúró de tiwọn. Àwọn tí ó jókòó di ẹni tí ó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ kékeré láàárín gígùn àwọn ìlà.

Nítorí náà, nǹkan kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye wákàtí. Ẹni tí wọ́n bá tà á fún lórí fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ kò ra ohun tí wọ́n dán wò ní Barre. Ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Worcester, fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀, ó sì bọ́ aṣọ ẹ̀sìn kúrò lára rẹ̀ kí àwọn dókítà lè gbà á. Ọ̀pọ̀ rí ìtura níbẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń sọ káàkiri pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń mú kí ẹran ọpọlọ nípọn sí i. Nígbà tí Kral àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ènìyàn tí ó ju 200 lọ wádìí rẹ̀ ní 2022, wọn kò rí ìyípadà bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù tí Buddhaghosa sọ náà kò sì sí lórí páálí ọjà. Ní 2017, Lindahl, Britton àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí jáde lórí ọgọ́ta oníṣẹ́ yìí ní ìwọ̀-oòrùn ayé, tí díẹ̀ nínú wọn sọ nípa ìmọ́lẹ̀ àti ariwo tí kò ṣeé fara dà mọ́, ojú tí ń rí ohun tí kò sí, àti ẹ̀rù tí ó pẹ́. Ojú tí ó túbọ̀ là kì í ṣe èrè nìkan ní gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orúkọ. Pleine conscience tí Thich Nhat Hanh, mọ́ǹkì Vietnam tí ó dá Village des Pruniers sílẹ̀ ní Faransé ní 1982, sọ di gbajúmọ̀, kò ní ìrántí kankan nínú mọ́. Ẹni tí ó bá túmọ̀ láti Faransé ń túmọ̀ ohun tí ó ti jò. Àṣàrò, tí àwọn ìjọ ń lò, kò sì tó: ó jọ pé ṣà àti rò ló wà nínú rẹ̀, èrò tí a ṣà ni. Ó bá Sáàmù 1 mu dáadáa, níbi tí ènìyàn ti ń ro òfin Ọlọ́run tọ̀sántòru, ṣùgbọ́n ní Rangoon, ríronú jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a ń pè lórúkọ kí ó lè kọjá lọ.

Iyè ni ó bá a mu. Ohun tí babaláwo fún ọmọ-awo kí ẹ̀kọ́ má baà bọ́ lórí rẹ̀ ni òògùn ìsọ̀yè, ìrántí nìyẹn. Ẹni tí ó fiyè sí nǹkan, tí ó kíyè sí i, ìsinsìnyí ni ó wà. Ẹni tí ń ṣiyèméjì, iyè rẹ̀ ti pín. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ru ìrántí àti àfiyèsí pọ̀, gẹ́gẹ́ bí sati ti ṣe kí àwọn ará Yúróòpù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A kò sọ pé àwọn baba wa ń ṣe iṣẹ́ Mahasi. Kò sí ohun tí ó fi bẹ́ẹ̀ hàn, ìsọ̀yè sì wà fún kí ohun tí a kọ́ má lọ, kì í ṣe fún wíwo bí nǹkan ṣe ń pòórá. Èdè ni ó bára mu. A dábàá ìfiyèsí fún sati, àti àkíyèsí fún ohun tí Mahasi ní kí a máa ṣe sí ikùn, sí ìró àti sí èrò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àtakò kan wà tí a kò lè fojú fò. Àwọn èwe ti ń lo àkíyèsí fún ìkéde ara ògiri, wọ́n lè ní kò jinlẹ̀ tó. A dáhùn pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́ ni sati náà jẹ́. Èyí tí ó dà wá láàmú jù ni ti ìwé kíkọ: bí a kò bá fi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ ìwé wa ní ìhà ìhín àti ọ̀hún ààlà ti ń ṣe, iyè, ìyè àti iye di ọ̀kan náà lójú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa ka ìfiyèsí bí ẹni tí wọ́n ní kí ó fi ẹ̀mí sí i, tàbí kí ó fi owó kún un.